Ẹ tún ààlà ẹkùn ìdìbò fà: lẹ́tà ṣíṣí sí àjọ INEC àti àwọn aṣòfin àpapọ̀

Sí Alága àjọ elétò ìdìbò INEC àti àwọn kọmíṣọ́nà rẹ̀. Sí Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Sí Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Àti sí gbogbo ẹ̀yin aṣòfin àpapọ̀ l'Ábújá.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

A kí yín o. Ọ̀rọ̀ ààlà ẹkùn ìdìbò la bá wá, ibi tó sì ti hàn sójú jù la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, aṣojú-ṣòfin kan ṣoṣo ni ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní l'Ábújá. Erékùṣù Èkó, tí ìwé INEC ń pè ní Lagos Island, ní méjì. Ìkànìyàn ọdún 2006 bá ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ó bá 209,437 ní Erékùṣù. Ẹ pín in wò: aṣojú kọ̀ọ̀kan ní Erékùṣù ń gbẹnu sọ fún nǹkan bí 104,700 olùgbé, ẹyọ kan tó wà fún Alímọ̀ṣọ́ sì ń gbẹnu sọ fún ìlọ́po méjìlá iye yẹn. Àga wọ̀nyí ló ń sọ iye ẹnu tí yóò bèèrè iṣẹ́ àkànṣe nígbà ìṣúná, àti iye ọwọ́ tí yóò nà sókè nígbà tí ilé bá ń dìbò lórí òfin.

Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fa ààlà yìí. NECON, àjọ elétò ìdìbò ayé Abacha, ló fà á ní ọdún 1996, ọdún kan náà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ mẹ́fà kún ọgbọ̀n. Ìkànìyàn tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni ti 1991, èyí tó ka gbogbo wa sí nǹkan bí mílíọ̀nù 89. Ti 2006 ka 140,431,790. Síbẹ̀, láti 1999 dé 2023, ìgbà méje la ti fi ẹkùn 360 kan náà yan aṣojú-ṣòfin.

Ẹnìkan lè ní ìka ò dọ́gba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló dá ìka. Ènìyàn ló fa ààlà, òfin sì ti sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n fà á. Abala 72 ìwé òfin ọdún 1999 sọ ohun mẹ́ta: ẹkùn kan kò gbọdọ̀ kọjá inú ìpínlẹ̀ kan, ilẹ̀ inú ẹkùn gbọ́dọ̀ so kọ́ra bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, iye olùgbé ẹkùn sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìwọ̀n tó kan àga kan bí ó bá ti lè sún mọ́ ọn tó. Ẹ jẹ́ ká kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, olùgbé. Òfin kò sọ pé olùdìbò. Ọmọ tó ṣì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò gba káàdì ìdìbò alálòpẹ́ wà nínú rẹ̀. A ń tẹnu mọ́ ọn torí pé àwọn kan ti ń dábàá pé kí a fi ìwé orúkọ olùdìbò pín àga, níwọ̀n ìgbà tí ìkànìyàn ti di ohun tí a ń sún síwájú. Ìwé orúkọ olùdìbò ní orúkọ 93,469,008 nígbà ìdìbò 2023. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye yẹn àti iye àwọn olùgbé pọ̀, kò sì bára dọ́gba láti ibì kan sí ìkejì: ibi tí ọmọdé pọ̀ sí àti ibi tí ìforúkọsílẹ̀ ti nira ni yóò pàdánù.

Kí ló wá dé tí ọdún tó ju 25 fi kọjá tí a kò yẹ ààlà wò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀yin lẹ rú òfin. Ìdáhùn wa yàtọ̀ díẹ̀. Abala 73 ní kí INEC máa yẹ ààlà wò ní àárín ìgbà tí kò gbọdọ̀ dín sí ọdún mẹ́wàá. Ẹ ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó sọ fún INEC pé kó má tètè tún un ṣe. Kò sọ fún un pé kó má pẹ́ jù. Ọdún 11 kò dín sí mẹ́wàá. Ọdún 30 náà kò dín sí i. Ẹni tó bá jókòó tí kò ṣe nǹkan kan lè nawọ́ sí abala 73 kó ní òun kò ṣẹ̀. Òfin tó yẹ kó jẹ́ ìpè ìjí ti di ìrọ̀rí.

Ohun tí a ń bèèrè gan-an nìyí, gbogbo ohun tó kù nínú lẹ́tà yìí ló ń ṣàlàyé rẹ̀: kí òfin dá ọjọ́ fún àtúnyẹ̀wò ààlà, kí INEC sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó kan pínpín àga láàárín ìpínlẹ̀.

Dídá ọjọ́ kò tilẹ̀ béèrè àtúnṣe ìwé òfin lákọ̀ọ́kọ́. Àtúnṣe ìwé òfin gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan l'Ábújá, ó tún gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìpín kejì abala 73 kan náà ṣílẹ̀kùn mìíràn: ó ní INEC lè yẹ ààlà wò nígbàkígbà tí ìkànìyàn bá wáyé, tàbí tí òfin kan láti ilé aṣòfin àpapọ̀ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin lásán ni, irú èyí tí ẹ ń ṣe lóṣooṣù, pẹ̀lú ìbò tó pọ̀ jù àti ìbuwọ́lù ààrẹ. Ẹ kọ sínú rẹ̀ pé INEC gbọ́dọ̀ gbé ìròyìn ààlà wá síwájú yín ní ọjọ́ báyìí. Lẹ́yìn náà, ẹ lè rọra ṣiṣẹ́ lórí ìwé òfin kí ọ̀rọ̀ abala 73 àti 114, tó jẹ́ ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, lè yí padà sí "kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ".

Ẹ̀yin INEC náà, ẹ ò níláti dúró de òfin yẹn. Ìkànìyàn kan ti wáyé lẹ́yìn 1996, ti 2006 ni. Ìpín kejì yẹn ti fún yín lágbára láti ọjọ́ náà.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ jù: "Ẹ jẹ́ ká dúró de ìkànìyàn tuntun." Wọ́n ti fi ìkànìyàn sí oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n sì sún un síwájú. A fẹ́ kó wáyé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ẹ ń lò báyìí ni ti 1991, kì í ṣe ti 2006. Ẹni tó wọ bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀ kì í kọ èyí tó gbà á díẹ̀ torí pé wọ́n ní wọn yóò rán òmíràn. Wọ́n tún máa ń sọ pé iye ti 2006 ní àríyànjiyàn nínú, ìjọba Èkó pàápàá ní àwọn ènìyàn òun ju mílíọ̀nù 17 lọ, nígbà tí àjọ ìkànìyàn ka 9,113,605. Àríyànjiyàn yẹn, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ló ti le. Nínú Èkó fúnra rẹ̀, iye ti ìjọba Èkó àti ti àjọ ìkànìyàn jọ gbà pé Alímọ̀ṣọ́ ni ènìyàn pọ̀ sí jù.

Ìdí rèé tí a fi ní kí ẹ ya iṣẹ́ méjì yìí sọ́tọ̀. Iṣẹ́ kìíní ni pínpín àga 360 fún ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ kejì ni fífa ààlà nínú ìpínlẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ kìíní. Ẹ fi 360 pín 140,431,790, ìwọ̀n àga kan yóò jẹ́ 390,088. Kano ní àga 24. Iye ènìyàn rẹ̀ tó 24.1. Èkó ní 24. Ó tó 23.4. Bayelsa ní 5, ó tó 4.4. Ògùn ní 9, ó tó 9.6. Bí àwọn ìwé 2006 bá jẹ́ òótọ́, àwọn wọ̀nyí kò jìnnà sí ohun tó yẹ wọ́n. Abùjá olú-ìlú nìkan ló jáde pátápátá: àga 2 ló ní, iye ènìyàn rẹ̀ sì tó 3.6. Nínú Abùjá tún rèé, AMAC, ìyẹn káńsù àárín ìlú Abùjá, àti káńsù Bwari jọ ń pín àga kan pẹ̀lú ènìyàn 1,005,572, káńsù mẹ́rin tó kù ń pín èkejì pẹ̀lú 400,667. Ṣùgbọ́n 360 ni òfin kà. Àga tí ẹ bá fi kún Abùjá gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìpínlẹ̀ kan, ìpínlẹ̀ tó bá sì pàdánù yóò pariwo. Ibí yìí ni ìjà Àríwá àti Gúúsù ti máa ń bẹ́. A kò ní kí ẹ fi sílẹ̀ títí láé. A ní kí ẹ fi í ṣe ìkejì, lẹ́yìn ìkànìyàn tuntun.

Inú ìpínlẹ̀ ni jíjẹrà wà, ibẹ̀ ni kò sì sí ìpínlẹ̀ kankan tí yóò pàdánù àga kan. Ẹ jẹ́ ká fi Èkó ṣe é. Àga 24 ṣì ni. Ìwọ̀n àga kan nínú Èkó, 9,113,605 tí a fi 24 pín, jẹ́ 379,734. Alímọ̀ṣọ́ tó 3.4, nítorí náà àga mẹ́ta yẹ ẹ́, ó kéré tán. Erékùṣù kò tó 0.6, kò sì yẹ kó ní méjì. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tó ní ènìyàn 117,481, kò tó ìdá mẹ́ta àga kan, síbẹ̀ ó dá ní aṣojú tirẹ̀. Ẹ̀pẹ́ tó bá a pààlà ní 181,409, òun náà dá ní tirẹ̀. Tí ẹ bá so Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀, ẹ ó ní 298,890. Iye yẹn fi nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ìwọ̀n. Ṣé ó sún mọ́ ọn tó, àbí kò sún mọ́ ọn?

Ìwé òfin wa kò dáhùn. Ó ní "bí ó bá ti lè sún mọ́ ọn tó", ó dákẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó jẹ́ ìjọba àpapọ̀ bíi tiwa ti sọ ọ́ ní nọ́ńbà. Ní Australia, iye olùdìbò ẹkùn kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí wálẹ̀. Ní Kánádà, ìdá 25 ni, àfi tí nǹkan àrà ọ̀tọ̀ bá wà. Jámánì ní ìpele méjì: ìdá 15 ni kò yẹ kó kọjá, tó bá kọjá 25 dandan ni kí wọ́n tún ààlà fà. Ti Jámánì wù wá fún Nàìjíríà, torí pé ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ibi olómi àti ibi tí ìlú ti jìnnà síra, kò sì jẹ́ kí àyè náà di ihò tí gbogbo nǹkan ń gbà jò. Tí a bá lo ti Jámánì, Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí lè jọ wà, ṣùgbọ́n INEC gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá yàn, ẹ kéde rẹ̀ kí ẹ tó fa ìlà kan ṣoṣo. Bí ìwọ̀n bá jáde lẹ́yìn máàpù, kò sẹ́ni tí yóò gbà pé kì í ṣe máàpù lẹ fi wọn ìwọ̀n.

A mọ̀ pé ó dun ará Erékùṣù Èkó láti gbọ́ pé àga kan yóò kúrò lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni ààfin ọba wà, ibẹ̀ ni orúkọ Èkó ti tàn. Iyì yẹn kò sí nínú iye tí abala 72 ní kí a kà. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tan ará Alímọ̀ṣọ́ jẹ pé àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ti tán ìṣòro wọn: Èkó dá 37 kún ìjọba ìbílẹ̀ 20, kò sì sí ọ̀kan nínú 37 náà tó fi ìlà kan kún ẹkùn ìdìbò.

Gígé Alímọ̀ṣọ́ sí mẹ́ta ní ìṣòro tirẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ tètè yanjú. Iye ìkànìyàn 2006 tí wọ́n tẹ̀ jáde fún aráàlú, ìjọba ìbílẹ̀ ló parí sí. Ẹ kò lè fi nọ́ńbà kan ṣoṣo gé ibì kan sí mẹ́ta. Ẹ nílò iye olùgbé àwọn ẹ̀là kéékèèké tí àjọ ìkànìyàn fi ka ènìyàn, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé e lé orí máàpù wọ́ọ̀dù yín. Àwọn ẹ̀là náà kò fìgbà gbogbo bá wọ́ọ̀dù mu. Níbi tí wọn kò ti bára mu, àwọn olùwọ̀nlẹ̀ yín gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ GPS, kí àwọn ará àdúgbò méjèèjì wà níbẹ̀. Wọ́ọ̀dù 8,809 ló wà. Láìsí máàpù tó péye fún gbogbo wọn, iṣẹ́ yìí yóò wó lulẹ̀ ní ilé ẹjọ́.

Ti ilé aṣòfin àgbà yàtọ̀. Níbẹ̀, ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kà: mẹ́ta mẹ́ta fún ìpínlẹ̀ 36, ọ̀kan fún Abùjá, 109 lápapọ̀. Bayelsa àti Kano dọ́gba níbẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí ní ìjọba àpapọ̀ nìyẹn. A kò ní kí ẹ fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ìlànà olùgbé tí abala 72 là sílẹ̀ kan ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú ìpínlẹ̀. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 ti Èkó, 10 wà ní Lagos West, 5 ní Lagos Central, 5 ní Lagos East. Alímọ̀ṣọ́ wà nínú 10 yẹn.

Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kókó jù, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́. Abala 91 ní kí àga ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin àga aṣojú-ṣòfin tí ìpínlẹ̀ náà ní, kí ó má dín sí 24, kí ó má ju 40 lọ. Bayelsa ní 5: ìlọ́po mẹ́ta jẹ́ 15, mẹ́rin jẹ́ 20, kò dé 24, nítorí náà 24 ni. Ó tọ́. Ògùn ní 9: 27 tàbí 36 ló yẹ kó jẹ́. 26 ni wọ́n ní. Èkìtì ní 6: 24 ni ìṣirò náà. 26 ni wọ́n ní. Ọ̀yọ́ ní 14: ìlọ́po mẹ́ta jẹ́ 42, ó ti kọjá 40, nítorí náà ó yẹ kó dúró sí 40. 32 ni wọ́n ní. Àga mẹ́jọ ló sọnù ní Ọ̀yọ́ nìkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò yìí. Ní Èkó, méjì méjì ni wọ́n pín 40 fún ìjọba ìbílẹ̀ 20, bíi pé ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń kà: aṣòfin kan fún 638,857 ènìyàn ní Alímọ̀ṣọ́, aṣòfin kan fún 58,740 ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí.

Ẹ̀rù ìjà ló ń dá yín dúró, a mọ̀. Ẹ ti rí Warri. Ní oṣù Kejìlá 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ pé kí INEC tún wọ́ọ̀dù àti ibùdó ìdìbò fà ní ìjọba ìbílẹ̀ Warri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, South, North àti South-West. Nígbà tí àbá yín jáde ní 2025, ìfẹ̀hónúhàn gba ibẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni pé tí ẹ bá mú ibì kan ṣoṣo, ní àárín ẹ̀yà mẹ́ta tó ń jà, lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti gba ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ìlà tí ẹ bá fà ni yóò dà bí ẹ̀bùn fún ẹnìkan. Ìlànà kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ní gbogbo ìpínlẹ̀, kò ní pa àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun nìkan ni wọ́n dójú lé.

Ẹ tún ní àpẹẹrẹ rere tiyín. Ibùdó ìdìbò 119,974 tí a ń lò títí di 2021, láti 1996 ló ti wá. Ní 2014, INEC fẹ́ fi nǹkan bí 30,000 kún un, ètò náà sì fún Àríwá ní èyí tó ju ìlọ́po méjì ti Gúúsù lọ, nígbà tí ìdìbò ti ku oṣù díẹ̀. Wọ́n pariwo, wọ́n dá a dúró. Ní 2021, INEC sọ ibi ìdìbò kéékèèké 56,872 tó ti wà nílẹ̀ di ibùdó ìdìbò gidi, ó kó ìwé rẹ̀ tọ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, aṣòfin àti àwọn lọ́balọ́ba lọ, nígbà tí ìdìbò ṣì jìnnà. Ó di 176,846. Àsìkò àti ìwé tó hàn sí gbogbo ayé ló mú ìyàtọ̀ wá.

Ó ku ẹ̀yin aṣòfin. Abala 74 ní ààlà tuntun kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi tí ilé méjèèjì bá fọwọ́ sí i, tí sáà ilé tó wà lórí àga bá sì ti parí. Ẹ̀yin tí ààlà yóò kàn lẹ ó tún fọwọ́ sí i. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi sínú òfin tí a ń bèèrè pé odindi ìròyìn INEC lẹ ó dìbò lé, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, láìfọwọ́ kan ìlà ẹyọ kan nínú rẹ̀, láàárín 90 ọjọ́. Tí ẹ bá kọ̀ ọ́, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, kí INEC tún un gbé wá. Tí ọmọ ilé kan bá lè yọ àdúgbò tí wọn kì í dìbò fún un kúrò nínú ẹkùn rẹ̀, a ti padà sí ibi tí a ti ń bọ̀.

Ìdìbò 2031 ni kí a fojú sí. Ìlànà ECOWAS ọdún 2001 kò fẹ́ kí a yí òfin ìdìbò padà gidigidi ní oṣù mẹ́fà tó gbẹ̀yìn láìjẹ́ pé ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn olóṣèlú fọwọ́ sí i, àmọ́ oṣù mẹ́fà kò tó fún èyí rárá. Lẹ́yìn tí ààlà bá yí padà, ẹ gbọ́dọ̀ gbé orúkọ olùdìbò sí ẹkùn tuntun, àwọn ẹgbẹ́ yóò ṣe ìdìbò abẹ́lé lórí rẹ̀, ilé ẹjọ́ yóò sì gbọ́ ẹjọ́. Kí ìròyìn náà ti wà lọ́wọ́ ilé aṣòfin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2030, kó má pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ka sẹ́yìn láti ibẹ̀: oṣù mẹ́jọ fún àbá àkọ́kọ́, ìjókòó ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwé àtakò, ìdáhùn tí ẹ kọ sílẹ̀ fún àtakò kọ̀ọ̀kan, àti àbá kejì. Ṣáájú rẹ̀, ọdún kan fún iye olùgbé àti máàpù.

Ohun tí ẹ lè ṣe láàárín oṣù mẹ́ta sí àsìkò yìí, láìsí òfin tuntun, láìsí owó ńlá: ẹ tẹ tábìlì kan jáde sí orí íntánẹ́ẹ̀tì yín, ẹkùn 360 àti gbogbo ẹkùn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, kí iye olùgbé 2006 wà níwájú orúkọ ẹkùn kọ̀ọ̀kan, kí iye tó fi jìnnà sí ìwọ̀n wà níwájú rẹ̀. Níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ kan bá ní ju ẹkùn kan lọ, tí ẹ kò sì lè pín iye náà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ń retí tábìlì náà.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Àwa ọmọ Nàìjíríà tí ọ̀rọ̀ ẹkùn ìdìbò jẹ lógún